Ìyá Aneesah Wà Nídìí Bàálù

Ẹ̀gbọ́n mi Mujeebah,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú wàhálà Aneesah ọmọ mi tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ara mi le ní Sansibá níbí. Bàálù wa kò tóbi, abẹ̀bẹ̀ ń yí lápá rẹ̀ méjèèjì, àwọn òyìnbó tó wá gbafẹ́ ló ń kó lọ sétí òkun. Bó bá ti balẹ̀, èmi á wọlé gbá èérún bisikíìtì àwọn ọmọ wọn. Orí ẹsẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n máa ń sùn dé. Mo ti mọ ìjókòó tí màá fi Aneesah sí.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ ṣeun. Aládùúgbò yín, Ìyá Sùnmọ́nù, ń pariwo lẹ́yìn pé, "Ìyá Aneesah, ẹ ò ní fún wa nínú àkàrà yẹn ni?" Ẹ̀yin lẹ dáhùn, ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Aneesah wá ní, "Mọ́mì, ta lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí?" Ẹ ní, "Àǹtí ẹ oníbàálù."

Mi ò bínú o. Mo kàn ń tún un gbọ́ ṣáá ni.

Irun tí ẹ dì fún un dára nínú fọ́tò. Ṣùkú lèmi ì bá dì.

Bí wọ́n bá tún pè yín bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ìyá ẹ̀ wà láyé. Ọlọ́hun á fún ẹ̀yin náà ní tiyín.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì, ọkọ yín. Ẹ kí Ìyá Sùnmọ́nù dáadáa, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ kí i:

Èmi, Ìyá Aneesah.