Ibùsùn Tí Mo Tẹ́ fún Marinéèdì

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tí mo bí tí mo sọ pé ó tó,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, nítorí mo mọ̀ pé orí ìdúró lo wà láti àárọ̀ nínú ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Iná tí o ń dá kò ní jó ọ, ọ̀bẹ tí o fi ń gé àlùbọ́sà kò ní mọ ọ̀nà ìka rẹ, ọ̀gá tó ń pariwo mọ́ ọ yóò pariwo títí yóò fi pe orúkọ rẹ fún ìgbéga. Àmín. Ara mi le, àyàfi orúnkún, àti apá ọ̀tún mi tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá, nítorí ìwọ lo fà á. Ológbò wa bí mẹ́ta sínú páálí bàtà bàbá rẹ, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé páálí náà kúrò níbẹ̀. Òjò ti wọ ibi tó máa ń wọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ kí inú tó ń bí mi má baà jẹ́ kí n gbàgbé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí dókítà ti yọ eyín mẹ́jọ lẹ́nu wọn, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun mọ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe ṣúmékà, ogójì ọdún ni wọ́n fi ń fi eyín di ìṣó bàtà mú, eyín náà sì ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù bi wọ́n pé eyín mélòó ni wọ́n ní, wọ́n kọ méjìlélọ́gbọ̀n. Dókítà ní kí wọ́n yanu, ó kà á, ó ní kò pé. Bàbá rẹ ní fọ́ọ̀mù kò béèrè pé mélòó ló kù, pé mélòó ni àwọn ní ló béèrè, méjìlélọ́gbọ̀n ni Ọlọ́run sì fún àwọn. Èmi ò rí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ nínú èyí, ṣùgbọ́n inú bí dókítà.

Wọ́n fún wọn ní eyín àtọwọ́dá, àpò àyà ẹ̀wù ni wọ́n ń fi í sí, bí ẹni tó ń pa lẹ́tà ẹlẹ́tà mọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á mu ọbẹ̀ olómi bí ẹni tó ń jalè. Oṣù mẹ́rin nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi ìlu lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì wọn, ìlu tí ṣúmékà fi ń lu awọ ni mo ń wí, kì í ṣe ìlù tí wọ́n ń jó sí, ṣé o rí i pé àmì wúlò? Àwa méjì péré la kù nínú ilé yìí, èmi nìkan ló sì ń jókòó ti tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ẹ̀rù bà mí, ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. O ní kí n fọkàn balẹ̀, o ń bọ̀ ní Sátidé, o máa se ẹran kan tí wọ́n ń pè ní sítéèkì, o máa rẹ ẹ́ sínú nǹkan kan tí á mú kó rọ̀ kó sì dùn. Mo sọ fún bàbá rẹ. Wọ́n lọ fá irùngbọ̀n.

Nígbà tí Sátidé dé, dípò kí o kan ilẹ̀kùn, fóònù ló dún. Ọ̀gá rẹ kò fún ọ láyè, o wá kọ bí a ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi, láìfi àmì kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀ kankan. Ọmọ mi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí kí n tó mọ̀wé kà ní kíláàsì àwọn àgbà. Tíṣà wa kúkúrú yẹn sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ọmọ tó jáde láìwọ ṣòkòtò, ìyá rẹ̀ lojú ń tì. Ojú tì mí nígbà tí mo rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni pé "Marinedi ni yoo ba yin tun eran naa se." Mo ní ẹ ò rí ọmọ dáadáa, òun kò ráyè, ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí wa. Mo tún ka èyí tó tẹ̀ lé e, "E je ki o sun mojumo, ko gbodo sun ni ita." Ta ló fẹ́ jẹ́ kí àlejò sùn síta? Mo gbá yàrá rẹ, mo tẹ́ ibùsùn, mo yọ aṣọ ìbora aláwọ̀ ewé tó jẹ́ pé àlejò gidi ni mo ń yọ ọ́ fún, mo gbé omi inú ife sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá rẹ bi mí pé ọmọ ta ni Marinéèdì, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ náà jọ ti ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa. A dúró dè é títí dìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń ro mí ni mo tún gbé fóònù, mo rí ibi tí o kọ ọ́ sí pé "inu firiji ni ki o sun." Irú ìwà wo lo kọ́ lọ́hùn-ún tí o fi fẹ́ kí n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ inú fíríìjì? Fíríìjì tí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò fẹ́ pa dé.

Mo pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e. Ó ní o ò sí nítòsí. Mo kí i, mo bi í bóyá òun gan-an ni Marinéèdì, kò dáhùn, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Mo ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, látorí eyín bàbá rẹ dé orí ibùsùn, ó tún sọ ohun kan náà, ó sì já fóònù mọ́ mi létí. Ẹnikẹ́ni tí o ń fi fóònù rẹ tì nígbà tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kìlọ̀ fún un, kò mọ àgbà.

Olóògùn tó wà ní ìkọjá títì ló là mí lójú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí páálí oògùn ikọ́. Ó ní marinéèdì kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, omi èròjà tí wọ́n ń rẹ ẹran sí ni. Ìtìjú kò jẹ́ kí n kàn jáde lásán, mo ra oògùn ikọ́ tí ẹnikẹ́ni kò hú ikọ́ nínú ilé wa.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá alápatà, ó gé ẹran fún mi ní ẹ̀là mẹ́rin, ó nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Iyọ̀, áyù, atalẹ̀, oyin ṣíbí méjì, ìyẹn ò fún mi ní wàhálà. Ó wá kan "omi osan ife kan." Mo kàwé bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì dúró de ọ̀sán. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo gbé ife lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo gba omi ọ̀sán ife kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ní bóyá ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn ló ń rọ ẹran. Lẹ́yìn náà ni "e fi ororo pa eran naa." Ẹran tí alápatà ti pa láti ìdájí, èmi ni kí n tún wá fi òróró pa á? Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe aláìgbọràn. Mo da òróró lé e lórí, mo wò ó fún ìgbà díẹ̀, kò mí, mo ní ó ti kú nìyẹn.

O wá ní "e gun un daadaa, kaakiri." Èyí yé mi, ta ni kò mọ gún? Mo fọ odó, mo kó ẹran sí i, mo gbé ọmọ odó. Apá ọ̀tún mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹran kì í ṣe ohun tó fẹ́ kí wọ́n gún òun, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó tó ń bá a gòkè bọ̀, omi rẹ̀ ń ta sí mi lójú. Mo ń gún, mo ń bú ọ, mo bú ọ̀gá rẹ, mo bú ẹni tó ṣe fóònù tí kò fi àmì sí i, mo wá rántí pé èmi náà ló bí ọ, mo bú ara mi díẹ̀.

Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí bàbá rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá jẹun, ẹsẹ̀ wọn ò tẹ ilé ìdáná. Wọ́n ní ìró náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ní ṣọ́ọ̀bù, pé ta ló ń lu awọ ní ìlùkulù báyìí. Mo ní ẹran ni, mo sì na fóònù sí wọn, kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ wọn ń fi ojú mi rí. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n kà á látòkè délẹ̀, wọ́n wo omi inú ife, wọ́n wo odó, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbàgbé láti fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n ní ọsàn ni o wí, pé ó ń bẹ lórí igi lẹ́yìnkùlé, pé kí n fún omi rẹ̀. Wọ́n ní o ò ní kí n pa ẹran, pé kí n fi òróró pa á lára ni. Wọ́n ní gún tí o wí kì í ṣe gún ti odó, gún ti abẹ́rẹ́ ni, kí omi èròjà lè ríbi wọlé. Mo ní àmì dà? Wọ́n ní àwọn ò wo àmì, ọgbọ́n orí ni àwọn fi kà á. Àbí o gbọ́ ẹ̀gàn. Wọ́n wá tún un kà, wọ́n ní rẹ ẹ́ sómi, fi òróró pa á lára, lu ú níhò, jẹ́ kó sùn, ohun tí àwọn ń ṣe fún awọ líle láti ogójì ọdún nìyí, ta ló wá jí iṣẹ́ àwọn gbé lọ sí òtẹ́ẹ̀lì?

Wọ́n da omi ọ̀sán mi sídìí òdòdó. Wọ́n lọ mú ìlu tuntun tó ṣì wà nínú bébà rẹ̀, wọ́n da omi gbígbóná lé e, wọ́n gún ẹran náà ní ìlà ìlà bí ojú okùn bàtà, ihò kan ò tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n ní bí mo ṣe gún un lódó kò burú jù, pé awọ tí wọ́n bá ti lù tẹ́lẹ̀ máa ń tètè gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kí n má tún dán an wò. Èmi ni mo di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nínú ilé ìdáná mi, gbé abọ́ wá, mú ìdérí wá, kó ìgò ẹlẹ́rìndòdò kúrò. Marinéèdì sùn sí fíríìjì ní tòótọ́, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ tán bàbá rẹ ti lọ ṣí i wò.

Mo sun ẹran náà lórí páànù bí o ṣe wí. Pé kí inú rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀ ni mi ò gbà, nínú ilé mi ẹran á jinná. O tún ní tí mo bá sun ún tán kí n jẹ́ kó sinmi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹran tó sùn mọ́jú, tí kò gbálẹ̀, tí kò pọnmi, òun ló ń sinmi, èmi tí mo ti wà lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni kò kọ ìyẹn sínú fóònù.

Nígbà tó sinmi tán, mo gbé àwo tèmi sórí tábìlì, mo gbé ti bàbá rẹ dání kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ìṣe. Wọ́n ní níbo ni mò ń lọ. Wọ́n fa àga jáde, wọ́n jókòó. Wọ́n gé ẹran, wọ́n fi sẹ́nu, èmi ò lè wò wọ́n, agolo iyọ̀ ni mò ń wò. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n bi mí bóyá ẹran náà ní àbúrò. Ẹ̀là kejì ni wọ́n yọ eyín inú àpò, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ní kí òun náà wá ṣiṣẹ́ owó tí wọ́n fi rà á. Omijé bọ́ lójú mi, mo ní áyù ni. Láti ọjọ́ náà, ìdí tábìlì la ti jọ ń jẹun.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹran míì, nítorí bàbá rẹ ti bá alápatà sọ̀rọ̀ láìbi mí. Má fi sí bánkì o. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ẹ̀rọ wọn bi mí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá, mo dúpẹ́, kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀, kí n tó kí i tán ó ti gbé káàdì mì. Fi rán ẹni tó ní ẹsẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí o fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá, torí ó ti lé ní ọdún kan tí a ti rí ọ kẹ́yìn. Inú ń bí mi sí ọ, àárò rẹ sì ń sọ mí, méjèèjì ló wà lọ́kàn mi. Ibùsùn tí mo tẹ́ fún Marinéèdì ṣì wà bẹ́ẹ̀, mi ò ká a. Omi inú ife ni mo ń pààrọ̀.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹran líle rọ̀ yóò rọ ọkàn ọ̀gá rẹ. O ò ní jẹun ní kọ̀rọ̀, o ò ní dá tábìlì jókòó, ibi tí o bá ti fa àga, wọn ò ní sọ pé kí o dìde.

Èmi ni ìyá rẹ tí apá ń dùn.

Bàbá rẹ ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún àwọn nísàlẹ̀ yìí:

Omo mi eran naa ro. Wa wo ile.

Ṣé o rí i? O ti kó o ràn wọ́n. Ẹran náà ò ro ẹnikẹ́ni, ó rọ̀ ni. Wọn ò sì ní kí o wá wó ilé. Èmi ni mo fi àmì sí i fún wọn, kí o má baà rí àwáwí wí: Wá wo ilé.