Ilé Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ti Dorthea

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta
Pásítọ̀ bẹ̀ mí títí mo fi gbà. Ẹgbẹ́ ìjíròrò lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé. Òyìnbó kún ibẹ̀, èmi nìkan ni dúdú. Prescott ni olórí, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ gbóná báyìí, á ní, "Ẹ jẹ́ ká mí kanlẹ̀ ná." Gbogbo wa á mí. Mo ti sọ ọ́ ní Mí-Kanlẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè nǹkan, ojú gbogbo wọn á yí sọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé èmi ni mo dá ẹlẹ́yàmẹ̀yà sílẹ̀.

Bisikíìtì wọn dùn ṣá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Dorthea, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, sunkún. Opó ni, ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Ó ní ó dun òun pé láti ogójì ọdún tóun ti ń gbé òpópónà Larkspur, òun ò ní aládùúgbò dúdú kan ṣoṣo rí. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Èmi tí wọ́n ń tìtorí mi sunkún, kò sẹ́ni tó bù mí lómi mu.

Ìyá Ẹlẹ́kún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Nadine ọmọ mi ń wá ilé rà. Ó rí ọ̀kan — Larkspur ni o, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ẹlẹ́kún gan-an. Ó pe ọkùnrin tó ń bá onílé tà á lórí fóònù, ìyẹn ní kó máa bọ̀. Ó débẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀: "Ẹ má bínú, mà, wọ́n ti rà á láàárọ̀ yìí."

Nadine ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i." Kò jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo wakọ̀ kọjá. Pátákó "Ilé Títà" ṣì dúró gbagidi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mí-Kanlẹ̀ ní ká mí. A mí. Ó ní ọ̀rọ̀ ńlá nìyí, ká fi sínú ètò oṣù Karùn-ún. Wọ́n dìbò sí i. Ó wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́kún ò sunkún lónìí. Ilẹ̀ ló ń wò. Aládùúgbò dé, ẹkún tán.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ìyá Ẹlẹ́kún tẹ̀ mí láago. Lánàá ló lọ bá ọkùnrin yẹn, ó ṣe bí ẹni pé àbúrò òun fẹ́ ra ilé. Ìyẹn fi gbogbo yàrá hàn án, ó tún ní wọ́n á bá a dín owó ẹ̀ kù.

"Verlene, mo padà lọ láàárọ̀ yìí. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ẹ lọ́la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó pàdé ní kóòtù." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹ ṣé nìkan ni mo rí sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Nadine bínú sí mi pé mo dá sí i, ó sì múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, òógùn bò ó. Dorthea dúró tì wá. Ta ni mo tún rí — Mí-Kanlẹ̀ àti díẹ̀ nínú ẹgbẹ́, wọ́n gbé òdòdó dání, wọ́n wá kí aládùúgbò tuntun káàbọ̀.

Nadine ò yára. Ó yẹ gbogbo yàrá wò, ó ṣí omi, ó fọwọ́ kan ògiri. Ó jáde.

"Ilé ìdáná ẹ̀ há jù. Omi tún ti wọ ògiri ẹ̀. Mi ò rà á." Ó wọ mọ́tò.

Mí-Kanlẹ̀ dúró tòdòdótòdòdó. "Ṣùgbọ́n, Verlene, lẹ́yìn gbogbo wàhálà tá a ṣe yìí?"

Mo ní, "Prescott, ilé lọmọ mi ń wá, kì í ṣe ẹ̀yin."

Dorthea ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.