Ohun Tí Ọmọ Ajá Ìkẹjà Fẹ́ràn Jù

Abúlé Òkè-Ọsẹ̀,
Lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 1990.

Olúwafúnkẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé onílé yín ní Ifàkọ̀ ti tún ẹ̀rọ omi yẹn ṣe, àbí ojúlé kẹta ni ẹ ṣì ti ń pọn omi? Olúwa tó dá ọ sí títí di òní kò ní í jẹ́ kí o sunkún, ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ lójú irin Agége, wọn kò ní í kọ orúkọ rẹ mọ́ ti àwọn tí wọ́n ń dá dúró ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì yín, lágbára Ọlọ́run. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sáàpù ló ń lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní gbogbo Ìkẹjà, pé òun náà ló sọ ọṣẹ di ọ̀wọ́n. Ṣé kò ní ìyá ni? Bí o bá mọ ilé rẹ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́, kí àwọn àgbà ìjọ wa wá bẹ̀ ẹ́. Ojú bàbá rẹ kò tíì sàn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n ní kí n kí ọ.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, n kò gbé e fún tíṣà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí tíṣà gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí ìkọ̀wé mi bá rí játijàti, fi orí jì mí. Jókòó kí o tó kà á, má sì kà á níwájú èèyàn.

Dàwódù awakọ̀ gbé ọmọ ajá tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, nínú páálí mílíìkì. Mo rí káàdì tí dókítà ẹran fún un. Fúnkẹ́mi, ẹnu yà mí. Ajá ní ọjọ́ ìbí, ó ní òǹtẹ̀ ìjọba, wọ́n tún kọ ọjọ́ tó máa padà wá gba abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ tó ti dàgbà tó yìí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Mo tọ́jú káàdì náà sínú Bíbélì pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi yín, nítorí bí ìwé ìrìbọmi ajá bá sọnù, mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má wá gba owó orí rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n kọ Jáàkì síbẹ̀. Bàbá rẹ ní orúkọ òyìnbó tí àwọn bá la igi gẹdú nígbà èwe nìyẹn, àwọn kò lè máa fi pe ajá, kó má lọ di ìwọ̀sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé tí o kọ mọ́ ọn fún wọn. O ní kí a kọ́ ajá náà bí yóò ṣe máa ṣáájú wọn lọ sí oko, kí wọ́n má baà tún já sínú kòtò àgbàrá bíi ti oṣù kẹfà. O ní a kò gbọ́dọ̀ nà án, a kò gbọ́dọ̀ jágbe mọ́ ọn, a kò gbọ́dọ̀ sáré lé e. Kí a wá ohun tó fẹ́ràn jù láyé, kí a máa fi ta á lọ́rẹ lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ṣe dáadáa. Bí bàbá rẹ ṣe gbọ́ pé ìtalọ́rẹ ni, wọ́n lọ wẹ ọwọ́, wọ́n di ẹja kíkà sínú ewé, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ajá, wọ́n ní kí ó má wo bó ti kéré mọ, ìfẹ́ ni kí ó wò. Tanímọ̀la gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo fún un ní eegun, ó fi imú tì í. Mo fún un ní pọ̀nmọ́, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí. Búrẹ́dì Agége tí o fi ránṣẹ́, tí àwa fúnra wa ń ṣọ́ jẹ, mo bù ú fún un, ó wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé tó ní òun á san ní ìparí oṣù. Mo kọ orin ìjọ fún un, mo pàtẹ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n jó. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn o, ó ń jẹun bí ilẹ̀ bá ṣú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè torí rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan fún bàbá rẹ nínú gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko.

Ní ọjọ́ kejìlá, lọ́sàn-án, bàbá rẹ jókòó sórí kùkùté ìrókò ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bó obì, wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìfé Job ni. O mọ̀ ọ́n: ẹ̀ẹ̀mejì sókè, ẹ̀ẹ̀kan sílẹ̀, tó máa wá fà á gùn bí ẹni ń da omi sínú agbè, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi máa ń sọ fún wa pé òun ti dé etí odò. A kò gbọ́ ìfé yẹn nínú ilé yìí mọ́ láti ọdún mẹ́ta tí Suara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé àpótí rẹ̀ wá láti Ìkẹjà, tó ní ọkọ̀ ojú irin gbá a ní Agége ní kété tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, pé ìjọba ti sin ín. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ, ìdí nìyẹn tí a kò fi béèrè ibẹ̀.

Kí bàbá rẹ tó dákẹ́, Tanímọ̀la ti dé. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n ní kí ó jókòó, ó jókòó. Wọ́n ní kí ó dìde, ó dìde. Gbogbo ohun tí a ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọjọ́ mọ́kànlá ló ṣe tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí èmi náà súfèé. Mo sú ti orin ìjọ, kò mira. Mo sú èyí tí mo fi ń pe adìyẹ, kò mira. Bàbá rẹ tún sú ti Job, ajá náà bú sẹ́kún.

Mo mú ìwé rẹ, mo tún un kà. Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran tí Job ti ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n bí ajá náà sí, pé wọ́n ti ti ibẹ̀ pa láti ọdún méjì, wọ́n ti tú ẹ̀rọ tà, kò sí ẹ̀dá kan tó ń gbé ibẹ̀, pé inú ihò ògiri lo gbà wọlé lọ gbé e. Ọmọ oṣù méjì ni. Bí kò bá sí ẹ̀dá kan níbẹ̀, ta ló ń súfèé ọmọ mi fún un?

Bàbá rẹ ní àkúdàáyà ni. Wọ́n ní ọmọ tó bá kú sí àjò láìtọ́jọ́ a máa jókòó sí ìlú tí kò sí ará ilé rẹ̀, a máa ṣiṣẹ́, a máa jẹun, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bá yọ sí i lójijì, ilẹ̀ lásán ló máa bá níbi tó dúró sí. Mo ní àbí Job kò kú ni? Wọ́n ní bó kú, bí kò kú, kí n má lọ dán an wò. Ìdí nìyẹn tí n kò fi wọ ọkọ̀ wá sí Ìkẹjà, tí n kò sì ní kí o lọ wò ó. Bí o bá lọ tó sì parẹ́, ta ni n óò tún bi?

Ẹ̀kọ́ ajá ń lọ o. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń mú bàbá rẹ dé oko. Bí ó bá dé etí kòtò àgbàrá, á fi ara dínà fún wọn, wọ́n á súfèé fún un, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè sọ fún wọn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá súfèé, kì í ṣe àwọn ni ajá náà ń wò. Ẹ̀yìn wọn ló ń wò, lókè, níbi tí ojú èèyàn tó ga á wà, á sì máa ju ìrù.

Mo rò ó títí. Mo ní bí ìwé Fúnkẹ́mi bá ṣiṣẹ́ fún ajá, kí ló dé tí kò ní í ṣiṣẹ́ fún ọmọ tí mo fi ọmú mi bọ́? Mo pe Dàwódù, tó ń kó gàrí lọ sí Agége lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kí ó bá mi gbé ẹrù sí ẹnu ihò ògiri yẹn, kí ó má pe ẹnikẹ́ni, kí ó má yọjú wò, kí ó gbé e kalẹ̀ kí ó sì máa lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ mo di bùbá àti ṣòkòtò tuntun. Ọ̀sẹ̀ kejì ó bá a bẹ́ẹ̀, òjò ti pa á. Mo fi òróró àdúrà ránṣẹ́, òun náà wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta mo rin ewùrà, mo se ìkọ́kọrẹ́, mo da edé sí i dáadáa, mo gbé e sínú ìkòkò kékeré.

Òfìfo ni ìkòkò yẹn padà. Ẹnìkan ti fi eérú fọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ dé orí ewé. Ìwọ náà mọ ẹni tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Dàwódù ní òun kò lọ síbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, bí òun ṣe kẹ́yìn síbẹ̀ ni òun gbọ́ tí ẹnìkan ń súfèé nínú ilé tí wọ́n ti ṣí páànù orí rẹ̀ lọ, ó sì fà á gùn. Ó ní òun kò wẹ̀yìn. Ohun tí òun kàn ráyè ké sí i ni pé, “Ìyá rẹ ní kí o máa bọ̀ nílé,” òun sì sá wọ ọkọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, bàbá rẹ àti Tanímọ̀la wà lóko. Ajá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, wọ́n sì súfèé fún un. Wọ́n ní àwọn kò tíì parí ìfé náà tí ẹnìkan nínú igbó rọ́bà fi bá àwọn parí rẹ̀. Ajá ta bí ọfà. O mọ bí ojú wọn ṣe rí, wọ́n kàn rí nǹkan dúdú kan tó ga láàárín igi, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ajá ń fò mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹ̀rù ba àwọn pé ó wá mú àwọn lọ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò jágbe, wọn kò sáré. Wọ́n fa iṣu tí wọ́n ń sun yọ nínú iná, wọ́n bó o, wọ́n na ọwọ́ jáde, wọ́n sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́. Wọ́n ní iṣu náà ti tutù kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan ti gbà á.

Fúnkẹ́mi, ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé.

Ó rù. Àpá kan wà lórí rẹ̀ láti etí dé àtàrí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò tọ́ mọ́. Nígbà tí mo rí i, ilẹ̀ ni mo wò, kó má baà parẹ́ mọ́ mi lójú. Mo ní ẹ káàbọ̀, bí ẹni ń kí àlejò. Ó ní ẹ kú ilé, màmá. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ gbóná, bóyá ó tutù, n kò mọ̀, n kò tíì ní àyà láti fi ọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo tó tíì sọ ni pé òun wà lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ tí o wá gbé ajá, òun ń wò ọ́, ojú ló ń ti òun. A kò bi í ní nǹkan mìíràn. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá sọ fún àkúdàáyà pé ó ti kú, á lọ. Nítorí náà mo ti yọ fọ́tò rẹ̀ tó ní aṣọ dúdú létí kúrò lára ògiri, mo sì ti bẹ àwọn ará abúlé pé kí ẹnikẹ́ni má kí mi kú ará-fẹ́ra-kù mọ́. Tanímọ̀la kò bìkítà fún ìfé bàbá rẹ mọ́ báyìí. Pọ̀nmọ́ ló ń gbà, bí ajá gbogbo ayé.

Jọ̀wọ́, wá lọ́jọ́ Sátidé. Bí o bá rí i, má ké. Pè é lórúkọ jẹ́jẹ́. Mú ìṣó páànù wá, àti oògùn ojú bàbá rẹ, àti owó díẹ̀ tí agbára rẹ bá ká, nítorí ó ń jẹun gan-an. Má ṣe fóònù sí ilé ìfìwéránṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí kò bá tètè rí ẹni gbà á, inú wáyà ló ń sùn mọ́jú, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sun ibikíbi.

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó wà lórí òrùlé, ó ń kan páànù tí ìjì ṣí. Mo ń gbọ́ òòlù rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, bírò mi náà á dúró; bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, n óò máa kọ lọ.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọmọ kò ní í sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ilé tí o bá fi sílẹ̀, wàá padà bá a. Mo fẹ́ kọ àmín, òòlù dákẹ́. Mo dúró.

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dọ́káàsì.