Orúkọ Ẹni Tó Ṣe Apá Kẹta

Èmi, Gabriel Oyèjọlá Àyànníyì, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì tó sì ń ṣe fíìmù, tí mo ń gbé ní Bódìjà, Ìbàdàn, ni mo kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú, mo pa á rẹ́. Àwọn alábòójútó ogún mi ni ọ̀rẹ́ mi, Adégbìtẹ́, àti àbúrò mi obìnrin, Àtọ́kẹ́.

1. Ilé mi ní Àpáta di ti ọmọ mi, Wándé, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó má lé àwọn ayálégbé. Mo mọ̀ pé kò ní lè wá sin mí. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé. N kò bínú.

2. Kámẹ́rà, iná mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ di ti Bùsàrí, tó bá mi ya gbogbo fíìmù mi. Ejò rọ́bà kan wà nínú àpótí kámẹ́rà náà. Kí ó fi fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ejò yẹn ló wà ní apá kejì Ẹ̀rù Mẹ́rin, fíìmù tí a ṣe ní 1992, ìtàn mẹ́rin nínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Mo darí mẹ́ta. Ní apá kìíní, iwin ń ṣẹ́jú nítorí pé àtíkè wọ̀ ọ́ lójú. Ní apá kẹrin, tòmátì agolo ni ẹ̀jẹ̀, ó sì hàn bẹ́ẹ̀. Apá kẹta nìkan ló bani lẹ́rù. Obìnrin opó kan ń dá gbé. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "Ẹ kú ilé o," nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan dáhùn láti inú yàrá pé, "Káàbọ̀." Ó parí síbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kásẹ́ẹ̀tì ní Agbowó sọ fún mi pé ìparí apá kẹta ni gbogbo ẹ̀dà máa ń dúró sí tí wọ́n bá dá a padà. Ó ní, "Bàbá, apá kẹrin yín ṣì tuntun."

3. Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a fi ń da ẹ̀dà, àti gbogbo ẹ̀tọ́ lórí apá kẹta, di ti Moróunkẹ́, ìyàwó mi títí di 1993. Òun ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má da ẹ̀dà kankan mọ́ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà lára páálí rẹ̀.

Orúkọ mi nìkan ni mo gbé síta. Ẹ̀ẹ̀kan ló bi mí, níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì: "Bàbá Wándé, ṣé orí pósítà yẹn ò gba orúkọ mi ni?" Mo ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán ní Dùgbẹ̀. Wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Kò bi mí mọ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó gbálẹ̀ yàrá, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n.

4. Ilé Bódìjà di ti Moróunkẹ́ pẹ̀lú. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í sí. Àtọ́kẹ́, má bá a jà. Ohun tí o ń sọ nípa rẹ̀, ẹnu mi ni o ti gbọ́ ọ, irọ́ sì ni.

Ohùn tó dáhùn nínú fíìmù náà, tèmi ni. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, Moróunkẹ́ ní ó tó. Gbogbo ohun tí mo ṣe nínú apá yẹn nìyẹn. Láti ọdún márùn-ún, èmi náà ń ti ibi iṣẹ́ fíìmù mi ní Ring Road dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ń kí ilé. Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn rí.

5. Lọ́jọ́ tí Moróunkẹ́ bá máa wá gba ilé, kí Adégbìtẹ́ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Kí ó ṣí fèrèsé, kí ó sì jókòó sí pálọ̀, níbi tí ẹni tó ń wọlé ti lè rí i. Bí Moróunkẹ́ bá kí ilé, kí ó tètè dá a lóhùn.

Mo fọwọ́ sí i níwájú àwọn méjì yìí, tí n kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún, ní Bódìjà, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 1998.

G. O. Àyànníyì

Ẹlẹ́rìí: Ahmed Sàláwù, aládùúgbò
Ẹlẹ́rìí: Ọláṣùmbọ̀ Fálọlá, nọ́ọ̀sì