Ilẹ̀ Mímọ́ ní Kọ́nà Aládé

Ilé wa,
Odòde, Ìdànrè.

Olúwatóyọ̀sí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà l'Ékòó? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà, Jèhófà ń ṣọ́ wa, òkè Ìdànrè sì wà níbi tí o fi sí. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ tó kán nígbà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú ní kọ́nà Aládé ti ń san, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ò sinmi, àtàárọ̀ ló ń pàṣẹ fún mi látorí àga.

Ọ̀rọ̀ kọ́nà yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìwọ náà á gba ibẹ̀ wálé ní Kérésì, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ tí mo bá ti rò ó.

Lọ́jọ́ kejì tí bàbá rẹ ṣubú, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dé. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Agatha, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi téèpù wọn títì, ó fi pẹ́ǹtì funfun sàmì síbi tí táyà ti yọ̀ àti ibi tí bàbá rẹ dùbúlẹ̀ sí. Ó wá gbé fóònù rẹ̀ sókè ọ̀run, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ní fóònù ti rí ibi tí a wà. Látòkè, Tóyọ̀sí! Ó ní ṣé òjò rọ̀, ṣé ọlọ́kadà dé akoto, gbogbo ẹ̀ ló ń tẹ̀ sínú fóònù. Omijé bọ́ lójú mi. Ibi tí wọ́n bá fi àmì funfun sí, tí wọ́n gbójú sókè, tí ọ̀run sì dáhùn, ilẹ̀ mímọ́ ni, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn. Mo bọ́ bàtà mi lójú ẹsẹ̀.

Mo kéde ẹ̀ nínú ìsìn, látìgbà náà kò sẹ́ni tó ń fi bàtà kọjá níbẹ̀ mọ́. Mùíbàt aláṣọ náà ní òun ò kúkú wọ bàtà wọ mọ́ṣáláṣí rí, ó bọ́ tiẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á rọra ti ọ̀kadà wọn kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Agatha padà wá. Ó ní fóònù òun sọ pé kò sẹ́ni tó ṣubú níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ò tíì ṣe bọ́ọ̀mpù, àwọn ò tíì ri pátákó ìkìlọ̀, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Mo ní ìyàsímímọ́ tí wọ́n ṣe ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. Ó ní òun ò ya nǹkan kan sí mímọ́ o, pé ṣe ni àwọn ń kó bí èèyàn ṣe ń ṣubú láti ìlú dé ìlú jọ, kí wọ́n lè mọ ibi tí títì ti ń pani, kí wọ́n tún un ṣe. Mo wo àmì funfun yẹn. Ẹni tí kò mọ bàbá rẹ rí ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọn ibi tó ti jẹ̀rora, kí ọmọ ẹlòmíràn lè délé. Kí ló tún kù kí ibẹ̀ tó jẹ́ mímọ́? Mi ò wọ bàtà mi padà.

Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí bọ́ọ̀mpù tó dé, òjò sì ti ń fọ àmì yẹn lọ. Jọ̀wọ́, fi owó pẹ́ǹtì funfun ránṣẹ́. Bàbá rẹ ní kí o fi owó ẹran kún un, kí eegun òun lè tètè so.

Tí o bá ń bọ̀, ní kí awakọ̀ dúró ní kọ́nà, kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ bọ́ bàtà. Tó bá ní òun ò ní dúró, sọ fún un pé ìyá rẹ wà níbẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní fi téèpù wọn ibi tí o dùbúlẹ̀ sí láé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Moríyọ̀.