Èmi Bàbá Rẹ Tí O Pa Sínú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìjókòó, má dìde, bó bá sì bá ọ ní ìdúró, wá nǹkan fi ìdí lé, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró. Ara ńkọ́? Ọ̀fun ńkọ́? Àdúrà wa ni pé ọ̀fun tí o fi ń jẹun kò ní gbẹ, ikọ́ kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀, eegun ẹja kò sì ní há síbẹ̀, àṣẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa, mo sì ti kí ọ dáadáa. Òrùlé wa kò jò mọ́, àfi níbi tó ti máa ń jò tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, àmọ́ mo gé ẹsẹ̀ kejì kó lè bá a mu, ẹni tó ni ín sì ní atẹ́gùn ń fẹ́ sí òun lórúnkún dáadáa. Gbogbo wa la wà ní àlàáfíà.

Ìdí pàtàkì tí mo fi mú bírò ni pé mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò tíì kú.

Àbúrò rẹ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ló gba ìsinmi wálé, ló bá gbé fóònù kan ka orí máṣíìnì ìránṣọ mi, ó ní ohùn rẹ wà nínú rẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí o ń ṣe nílùú tí o wà nìyẹn, pé o ń ka ìwé ìtàn ayé àtijọ́ sókè fún àwọn tó fẹ́ fi etí kàwé. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, owó ilé ẹ̀kọ́ tí mo san kò lọ lásán. Mo dé fìlà, mo ránṣẹ́ pe káfíńtà ọ̀rẹ́ mi, mo pe ìyá oníbùrẹ́dì tó kọjú sí wa, mo pe onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ náà jókòó. Ohùn rẹ jáde, gbogbo wa kí ọ. O kò dáhùn. Mo ní kí wọ́n má bínú, ọ̀nà jìn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó wá ti ẹnu rẹ jáde ni pé ogun pa bàbá rẹ kí o tó mọ ìrìn rìn, pé ìyà ìyá rẹ nìkan ló tọ́ ọ dàgbà.

Ọmọ mi, mo wà níbẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi, ìyá oníbùrẹ́dì sì ń wò mí látòkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tó bá ń wò ó bóyá bùrẹ́dì ti jinná. Ìyá rẹ ní òun ò mọ ti ogun o, àmọ́ ti ìyà tí o sọ yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀.

Àbúrò rẹ ní kì í ṣe ìwọ, pé ẹni inú ìwé ló ń sọ̀rọ̀. Mo bi í pé ohùn ta ni. Ó ní ohùn rẹ ni. Mo bi í pé ẹnu ta ni. Ó ní ẹnu rẹ ni. Mo ní kí ló wá kù. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó mọ́, àmọ́ ọmọbìnrin yìí fi ìka kan ṣoṣo kó tìrẹ padà, ó ní kí n tún un gbọ́ dáadáa, o sì tún pa mí lẹ́ẹ̀kejì, o kò tilẹ̀ kọsẹ̀ níbẹ̀. Ló bá ní òun ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fi fóònù sílẹ̀ fún wa. Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀ ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìwọ náà mọ ìgbà tí o ti wálé kẹ́yìn. Mo rò ó títí, mo ní bóyá ọ̀nà tí ọmọ fi ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ò kà á sí mọ́ nìyí, kó lọ sọ ọ́ létí aráyé. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ohùn rẹ nìkan ló sì wá, ojú ò bá a wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, káfíńtà mú tépù wá, ó ní òun fẹ́ kan àga ìgbafẹ́ fún mi, àmọ́ ó ní kí n dùbúlẹ̀. Èmi tí mo fi tépù jẹun láti kékeré, ṣé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń wọn ni? Ó kó pákó gidi wá ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kò sí ìkánjú.

Bí inú ṣe ń bí mi tó yẹn náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá parí la máa ń jókòó ti fóònù. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Mo ti bẹ̀ ọ́ pé kí o jọ̀ọ́ dúró kí n lọ tọ̀, o kò dúró, ìgbà tí mo fi máa dé ogun ti parí, Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀ ló tún un sọ fún mi, irọ́ sì pọ̀ nínú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó wà nínú yàrá rẹ ńkọ́, èyí tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tó máa ń mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀? Inú ìyá rẹ kọ́kọ́ dùn, ó ní ó parí, ọmọ òun ti rí ẹni fẹ́. Àfi bí a ṣe gbọ́ pé ìyàwó adájọ́ ni. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, fi ìyàwó adájọ́ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá gba ìyàwó ẹlòmíràn, iwájú adájọ́ ni wọ́n ń mú un lọ, bó bá wá jẹ́ ti adájọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò bá ọ dá sí i?

Kí àbúrò rẹ tó lọ, ó tún ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ni o ti ń ṣiṣẹ́, láàárín aṣọ tí o fi kọ́, kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé. Onílé wo ló ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tó wá ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù? Ó ní o kò ní ọ̀gá kankan, ìwọ lo ń rán ara rẹ níṣẹ́. Ta ló wá ń bá ọ wí bí o bá pẹ́? Máa lọ bá onílé yẹn láràárọ̀, kó fi ẹnu nà ọ́ díẹ̀, ó dára fún òṣìṣẹ́. Ó ní àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń fún ọ ní ìràwọ̀ márùn-ún, àfi ẹnì kan tó fún ọ ní mẹ́rin. Wá onítọ̀hún lọ, kó mú ìkan tó kù wá.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí ọmọ inú ìwé sùn, tó lálàá, tí bàbá rẹ̀ tó ti kú wá bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà kan ló fọhùn. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n gbọ́ òun, kí wọ́n gbọ́ òun dáadáa, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ náà wí pé kó de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, pé ọmọ tó ní bàbá kì í ṣí àyà sílẹ̀ kiri. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ mí lára. Mo ṣí fìlà, mo ní ẹ kú àgbà o, bàbá, ẹ bá mi máa tọ́jú ọmọ mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ìyá oníbùrẹ́dì di tábìlì mú kó má baà ṣubú. Mo wúkọ́, mo ha ọ̀fun lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kí wọ́n gbọ́ mi, kí wọ́n gbọ́ mi dáadáa, kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ni káfíńtà bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin nìyẹn, olówó orí mi. Ohùn yín ni ọmọ yín mú dání lọ.”

Mo ní irọ́ ni, èmi kì í wúkọ́. Ikọ́ ló gbé mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní mò ń lọ wo pákó, mo jáde, mo jókòó lé wọn lórí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo pa ẹnu mọ́ pátápátá, síbẹ̀ mo ṣì ń gbọ́ ara mi tí mò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí o ti lọ lẹ̀rù ti ń bà mí pé o máa gbàgbé bí a ṣe ń dún, àṣé ọ̀fun rẹ ni o gbé mi sí.

Ọ̀rọ̀ ti wá yanjú, ó ku owó. Àbúrò rẹ ní àwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ó dára. Ọ̀rọ̀ jẹ́ tìrẹ, ikọ́ jẹ́ tèmi. Fi owó ikọ́ ránṣẹ́, kì í ṣe ojúkòkòrò, kí n lè fi ra òwú àti epo máṣíìnì, kí ìyá rẹ náà sì rí nǹkan mú níbẹ̀, nítorí òun ló ń fún mi ní omi gbígbóná tí ikọ́ náà fi ń dún dáadáa. Bó bá tún di dandan kí o pa mí nínú ìwé mìíràn, jọ̀ọ́ jẹ́ kó di ìparí, kí n ti sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ó ku ìkan. Ohùn tó wà lọ́wọ́ rẹ ti gbó. Eyín iwájú mi kan ti yọ lẹ́yìn rẹ, súfèé ti wọ inú ọ̀rọ̀ mi, o ò tíì gbọ́ ọ rí. Mo ti sọ fún káfíńtà kó fi pákó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ fún ọ. Ó ní ìwọ̀n wo. Mo ní kó wọn èmi ní ìjókòó, kó wá fi àyè tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ mi, kó lè jẹ́ pé bó bá ti kan bàbá arúgbó láti sọ̀rọ̀, o kò ní yọ ọ̀fun rẹ lẹ́nu, mo ti wà níbẹ̀. Mo bi Mo-Ti-Mọ̀-Tẹ́lẹ̀ bóyá fóònù lè gbé e wá bá ọ. Ó ní kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ìwọ ni wàá wá gbé e.

Ọlọ́run kò ní gba ohùn lẹ́nu rẹ. Ibi tí o bá ti sọ̀rọ̀, wọn yóò gbọ́. O kò ní sọ̀rọ̀ ikú mi lóòótọ́ kí o tó fojú rí mi. De bọ́tìnnì ọrùn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, láàyè,
télọ̀.