Ẹni Tó Dàgbà Jù Ni Yóò Kọ́kọ́ Tẹ Fóònù

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tó kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀? Ṣé ara le? Ṣé aládùúgbò rẹ yẹn ti yé da omi ìfọṣọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ lọ, kò sì ní jẹ́ kí o rí èyí tó kéré sí ọ̀fun rẹ, torí mo mọ bí o ṣe ń jẹun. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́. Àbúrò rẹ obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mò ń sọ, ó ń kọ, ó sì ti fa ojú ro bí ẹni pé igi ìdáná ni mo ní kó lọ ṣẹ́.

(Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ló ń sọ̀rọ̀ tí ẹ bá ti rí àkámọ́, Màmá ò lè kà á. Mi ò fajú ro. Bí ojú mi ṣe máa ń rí nìyí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ tí gbogbo abọ́ inú ilé di tèmi.)

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù náà gan-an ni ẹjọ́ mi, ta ló sì ń lọ rojọ́ ọlọ́pàá fún ọlọ́pàá? O rántí ìgbà tí o wálé kẹ́yìn, tí o jókòó sí pálọ̀ tí ò ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wa, pé ẹ̀yin lẹ ń ṣe áàpù tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń kó sórí fóònù òṣìṣẹ́ wọn, pé pèpéle kan wà lábẹ́ tí gbogbo áàpù dúró lé, áàpù ìwọlé, áàpù ìsinmi, áàpù ẹrù. Bàbá rẹ ń mi orí, mo mọ̀ pé oorun ló ń kùn ún. Èmi ní tèmi, ó yé mi yékéyéké. Mo ní tábìlì ni, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti le, kò sí ohun tí a ò lè gbé lé e.

Ó dáa, tábìlì yín ti dé ilé iṣẹ́ ọṣẹ wa o. Máníjà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fóònù tó ní okùn, ó ní ọrùn ni ká fi kọ́, a wá dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà. Fóònù tí kò lè pe ènìyàn, tí ènìyàn ò sì lè pè! Mo béèrè pé kí ló wá ń jẹ́ fóònù, ó ní ti iṣẹ́ nìkan ni. Ẹ kú làákàyè. Inú mi dùn ṣá, mo dìde láàárín àwọn obìnrin inú yàrá tí a ti ń di ọṣẹ, mo ní ọmọ mi ló ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Aláàpù.

Àbúrò rẹ fẹ́ fi fóònù náà ya fọ́tò ara rẹ̀, kíá ni fóònù ti ara rẹ̀ pa, tí olú ilé iṣẹ́ sì ránṣẹ́ láti ìlú ńlá pé kí ni èmi olórí yàrá ń wá.

(Fọ́tò kan péré o. Wọ́n ṣe bí ẹni pé mo jí ọṣẹ. Ojú mi ò dára tó ni?)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ọkàn mi rèé. O mọ Màmá Ojú Fèrèsé, àgbà yàrá wa, tí wọ́n máa ń jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà torí ojú wọn. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń ṣẹ́ igun bébà ọṣẹ nígbà tí oyún rẹ wà nínú mi. Ẹsẹ̀ wọn ti wú báyìí, ilé wọn sì jìnnà, àwọn ló ń dé kẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára, a ó ti tò páálí sílẹ̀ dè wọ́n, tí wọ́n bá sì ti jókòó, ọwọ́ wọn yá ju ti gbogbo wa lọ.

Áàpù dé, wọ́n ní tí a bá ti dé géètì, kí kálukú tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo ti dé" sí. Àárọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wa pé síbẹ̀, à ń wo ara wa. Ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àgbà? Ọmọ ta ni? Ìyàwó tó kéré jù nínú wa na ìka, ojú tí a fi wò ó, fúnra rẹ̀ ló ká a kò. A dúró títí Màmá Ojú Fèrèsé fi wọ́ ẹsẹ̀ dé, wọ́n tẹ tiwọn, ẹni tó tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ orí tẹ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tò ó wálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọpẹ́ tí fóònù fún wa ni pé ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó ní gbogbo wa ló pẹ́.

(Mo sọ fún Màmá pé fóònù ò mọ àgbà. Wọ́n ní àìsàn tó ń ṣe é gan-an nìyẹn.)

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ́n lójoojúmọ́. Máníjà pè mí, ó ní yàrá wa ló ya ọ̀lẹ jù nínú gbogbo ẹ̀ka, pé tí oṣù bá fi parí báyìí, wọ́n á ti yàrá náà, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń di ọṣẹ wá. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n, ó ní ọ̀nà kan wà, kí a yọ orúkọ Màmá Ojú Fèrèsé kúrò lórí fóònù, ká má dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo jáde kí n má baà sọ èyí tó kù. Àwọn obìnrin ń bi mí pé Ìyá Aláàpù, ṣé ọmọ tí ẹ bí kọ́ ló ṣe é, ẹ ò ṣe bá a sọ̀rọ̀?

Mo gba fóònù Màmá Ojú Fèrèsé, mo ní màá bá wọn tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Fóònù ní òun fẹ́ rí ojú wọn. Mo gbé ojú tèmi fún un, ó ní kì í ṣe èyí. Ojú tí bàbá rẹ rí tó fi gbé mi níyàwó! Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa kọrí sí ilé Màmá Ojú Fèrèsé láàárọ̀ kùtù, a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, àgbà tẹ̀ ẹ́, ọmọdé tẹ̀ ẹ́. Fóònù ní a ò sí níbi iṣẹ́. Ta ló sọ fún un?

Màmá Ojú Fèrèsé ò bá wa jà. Wọn ò kàn wá síbi iṣẹ́ mọ́ ni. Wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ sí mi, wọ́n dì í sínú bébà ọṣẹ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí yàrá parẹ́ nítorí ẹsẹ̀ àwọn. Lọ́jọ́ náà a ò pẹ́, fóònù gbogbo wa di àwọ̀ ewé, máníjà nìkan ló ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó sí ojú fèrèsé. Mo gbé oúnjẹ mi tì.

(Òótọ́ ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́, kò sì dùn lẹ́nu mi.)

Nírọ̀lẹ́, mo ní kí bàbá rẹ gbé ọmọlanke, a lọ sílé wọn. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé wa, wọ́n ní àwọn ò lọ. Mo ní ẹ ò lọ kẹ̀, mo ti gbé àpótí yín sórí ọmọlanke, ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí ẹ bá lágbára. Wọ́n bú mi, wọ́n bú bàbá rẹ, wọ́n gun ọmọlanke. Láti ilé wa sí géètì, o mọ̀ pé ẹni tó bá sín, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á kí i. Báyìí, àwọn ló ń kọ́kọ́ dé, àwọn ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, a sì ń tò tẹ̀ lé wọn wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó tún pẹ́.

Olú ilé iṣẹ́ ti fi ìràwọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wa. Máníjà kà á sókè, ó ní áàpù ti kọ́ wa bí a ṣe ń tètè dé. A ní bẹ́ẹ̀ ni o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ áàpù, olùkọ́ wa. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé ọgbọ́n yàrá wa lọ sí gbogbo ẹ̀ka tó kù. Bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ pé ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó ní yàrá nítòsí géètì ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àti ọmọlanke.

Yàrá rẹ ni Màmá Ojú Fèrèsé wà. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni wọ́n ń sùn, mi ò lè ní kí àgbà sùn sílẹ̀. Tí o bá ń bọ̀ wálé, ẹní ti wà fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi, ó tutù dáadáa níbẹ̀. Tí ẹ̀yìn rẹ ò bá gba ilẹ̀, fi owó bẹ́ẹ̀dì mìíràn ránṣẹ́, kí o fi ti oògùn ẹsẹ̀ lé e, ọwọ́ èèyàn ni kó gbà wá, má fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

(Bọ̀dá, wọ́n ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, èmi ni mo sì ń sùn tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀dì ńlá ni kẹ́ ẹ rà.)

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń wọ́ lọ, wọn yóò dúró dè ọ́. O ò ní ṣe iṣẹ́ tí yóò lé ìyá oníyàá sílé. Tí ìwọ náà bá darúgbó, o ò ní ṣàìrí ẹni tí yóò gbé àpótí rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Aláàpù